Ewé Tó Lágbára Lọ́jà, Tó Di Ewé Lásán Níwájú Dókítà

Gbólóhùn kan ti ń yọ mí lẹ́nu láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, kò sì gùn rárá: "Ewé lásán ni." Mo ń gbọ́ ọ níbi gbogbo nílùú Àbújá báyìí, bóyá nítorí pé etí mi ti là sí i. Bí ọkọ̀ bá gbéra ní Kubwa, tí ẹni tó ń polówó egbòogi sì dìde láàárín èrò, tó gbé ìgò kan sókè pé ó ń fọ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ó ń fa ikùn wọlé, ó ń mú ìfúnpá wálẹ̀, ó sì ń lé ṣúgà jáde lára, kò sẹ́ni tó máa náwó sí i torí pé ewé lásán ni. Torí pé wọ́n ní ó lágbára ni wọ́n ṣe ń rà á. Àmọ́ bí ẹni tó rà á bá dé iwájú dókítà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tí dókítà sì bi í léèrè ohun tó ń lò, agbára náà á pòórá. Á di ewé lásán.

Mi ò jókòó láti bú egbòogi. Ilé tí wọ́n ti ń se àgbo ni wọ́n bí mi sí, mo sì mọ òórùn àgbo kí n tó mọ òórùn ilé ìwòsàn. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé a ń fún ewé ní ipò méjì tí kò lè jọ jẹ́ òótọ́, àárín ipò méjèèjì yẹn sì ni àwọn ènìyàn wa ti ń fara pa, pàápàá àwọn tó ti sanra ju bó ti yẹ lọ, tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, tí ṣúgà sì ti ń kanlẹ̀kùn lára wọn.

Lórí tábìlì apòògùn

Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, wà lára àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n kó wá láti Èkó nígbà tí olú ìlú ṣí wá sí Àbújá ní 1991. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ó sanra, ìsanra náà kò sì dùn ún rí, torí pé níbi ayẹyẹ, àwọn onílù á máa kì í ní ìyá tó rí jẹ, òun náà á sì jó. Dókítà ti ní kó máa lo oògùn méjì fún ẹ̀jẹ̀ ríru: ọ̀kan ń jẹ́ amlodipine, èkejì ń jẹ́ hydrochlorothiazide, èyí tí ọ̀pọ̀ aláìsàn ń pè ní oògùn ìtọ̀ nítorí pé ó ń mú kí èèyàn máa tọ̀ ṣáá. Nígbà tó yá, gbogbo wa rí i pé ìró rẹ̀ ti ń tú nídìí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ti fà wọlé. Nípàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, ó dìde jẹ́rìí sí tíì kan tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé wá fún un láti Kánò. Ó ní oògùn gidi ni, ó sì gba orúkọ àwọn tó fẹ́ rà.

Lẹ́yìn náà ni pajápajá bẹ̀rẹ̀ sí í mú un lẹ́sẹ̀ lóru, àyà rẹ̀ sì ń lù kìkì láìsí ohun tó lé e. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé pọtásíọ̀mù ara rẹ̀ ti wálẹ̀ kọjá 3.5, ìwọ̀n tó kéré jù tí wọ́n ń retí lára ẹni tí ara rẹ̀ dá. Pọtásíọ̀mù wà lára ohun tí iṣan fi ń ṣiṣẹ́, iṣan sì ni ọkàn. Bó bá dín jù, ìlùkìkì ọkàn lè dàrú. Dókítà bi í bóyá ó ń lo oògùn mìíràn. Ó ní rárá. Dókítà kọ oògùn pọtásíọ̀mù fún un, ó sì ní ká lọ gbà á lọ́dọ̀ apòògùn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ìlọrin ni apòògùn náà, ẹnu rẹ̀ sì tutù. Ó wo ìwé, ó wo àǹtí mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú pé mo ń béèrè. Ṣé kò sí nǹkan mìíràn tí ẹ ń mu mọ́ àwọn oògùn yìí?" Àǹtí mi ní, "Kò sí o, ọmọ mi." Ó wá ṣí báàgì rẹ̀ láti mú owó, páálí tíì náà sì yọrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ awò ojú rẹ̀. Ọmọkùnrin náà kò fọwọ́ kàn án. Ó kàn nawọ́ sí i: "Èyí ńkọ́, mà?"

"Ìyẹn? Ewé lásán ni. Oògùn ni dókítà bi mí, kò bi mí ní tíì."

Kò bá a jiyàn. Ó tọrọ páálí náà, ó yí i dà síbi tí lẹ́tà ti kéré, ó gbé e sún mọ́ iná, ó sì ka ohun tó wà nínú rẹ̀ sókè. Ewé àkọ́kọ́ níbẹ̀ ni senna, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní sanamaki, ewé tí wọ́n mọ̀ káàkiri ayé fún títú inú. Ó gbé páálí oògùn ìtọ̀ sí ọwọ́ òsì, ó gbé tíì sí ọwọ́ ọ̀tún, ó fi ike pọtásíọ̀mù sí àárín. "Mà, èyí ń gba ojú ìtọ̀ kó pọtásíọ̀mù jáde. Èyí náà ń gba ojú ìgbẹ́ kó o jáde. Bí mo bá fún yín ní ti àárín yìí, tí ẹ kò sì fi tíì sílẹ̀, à kàn ń pọnmi sínú agbè tó jò ni."

Ó tún ṣàlàyé pé ìfun ńlá ni senna ti ń ṣiṣẹ́, kí oúnjẹ sì tó débẹ̀, ìfun kékeré ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú agbára rẹ̀. Nítorí náà, omi àti ìgbẹ́ ni ohun tó tú ìró àǹtí mi nídìí. Ọ̀rá inú ikùn, èyí tó yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká, tó ń da iṣẹ́ insulin, èròjà ara tó ń darí ṣúgà, rú, tó ń ti ìfúnpá sókè, tó sì ń ba ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́, kò kúrò níbi tó wà. Nígbà tí ó dá tíì náà dúró, ìró kún padà, pajápajá sì lọ.

Èmi kò lè sọ pé ó purọ́ fún dókítà. Obìnrin kan náà tó dìde nípàdé pé oògùn gidi ni tíì yìí ló jókòó níwájú dókítà pẹ̀lú ọkàn tó mọ́, tó ní òun kò lo oògùn mìíràn. Nígbà ìyìn, a gbé e dé ipò oògùn. Nígbà ìbéèrè, a já a sí ipò omi gbígbóná. Bí mo sì ti ń wo àwọn tó yí mi ká, Yorùbá, Hausa, Gbagyi, ẹni tó kàwé àti ẹni tí kò kà, gbogbo wa là ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyá àgbà kan ní Shropshire

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ewé jẹ́ tiwa, oògùn sì jẹ́ ti òyìnbó. Ìtàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1775, wọ́n béèrè èrò dókítà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, William Withering, nípa àgbo tí ìyá àgbà kan ní Shropshire fi ń tọ́jú àwọn tí omi ti kún ara wọn. Ewé inú àgbo náà tó ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyá náà sì fi ṣe àṣírí ìdílé. Alágbo ni, ká má fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Nígbà mìíràn, ó máa ń wo ẹni tí apá àwọn dókítà kò ká sàn. Withering tú àgbo náà wò, ó sì gbà pé ewé kan ṣoṣo nínú rẹ̀, foxglove, ló ń ṣiṣẹ́. Fún bí ọdún mẹ́wàá ló fi ń fún aláìsàn, tó ń kọ bó ṣe wọ̀n ọ́n sílẹ̀, tó ń kọ ẹni tó sàn àti ẹni tí kò sàn, àti ẹni tó ń bì, tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, tí ọkàn rẹ̀ sì ń lù jẹ́jẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Ó tẹ gbogbo rẹ̀ jáde ní 1785. Inú ìdílé ewé yẹn ni wọ́n ti rí digoxin, tí àwọn dókítà ọkàn ṣì ń lò títí dòní, wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n tìṣọ́ra tìṣọ́ra, nítorí pé díẹ̀ báyìí ló wà láàárín ìwọ̀n tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ àti ìwọ̀n tó lè dá a dúró.

Bí a bá sì fẹ́ ti ilé wa, aṣofẹ́yẹjẹ nìyí. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yorùbá ti fi gbòǹgbò rẹ̀ tọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú láti ayébáyé. Láti inú ìbátan rẹ̀ tó wà ní Íńdíà ni wọ́n ti fa reserpine jáde ní 1952, ọ̀kan lára àwọn oògùn àkọ́kọ́ tó mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ gidi, reserpine yìí sì wà nínú aṣofẹ́yẹjẹ tiwa náà. Kò tó mílígíráàmù kan tí wọ́n ń fún aláìsàn lóòjọ́. Bó bá ju bó ti yẹ lọ, ìfúnpá lè já wálẹ̀ lójijì, ìbànújẹ́ sì lè dorí ẹni tó ń lò ó kodò. Ẹni tó bá ń bu gbòǹgbò aṣofẹ́yẹjẹ sínú ìgò ọtí láìwọ̀n ọ́n, oògùn ló ń dì, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Metformin pàápàá, oògùn àtọ̀gbẹ tó wà nínú àpótí àwọn ènìyàn láti Nyanya dé Suleja, ní ewé lẹ́yìn. Galega ni wọ́n ń pe ewé náà, ilẹ̀ Yúróòpù ló ti ń hù, ó sì lè pa àgùntàn tó bá jẹ ẹ́. Èròjà inú rẹ̀ ń mú ṣúgà wálẹ̀ àmọ́ ó le jù fún ara. Inú àwọn ìbátan èròjà yẹn tó rọ̀ díẹ̀ ni metformin ti jáde, dókítà ará Faransé kan, Jean Sterne, ló sì kọ́kọ́ ròyìn bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lára àwọn alátọ̀gbẹ ní 1957.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún mi pé ewé kò lè ṣe nǹkan kan fún ọkàn tàbí ṣúgà, èmi kò ní gbà fún un. Àmọ́ ẹni tó bá gbà pé ó lè ṣe nǹkan gbọ́dọ̀ gbà pẹ̀lú pé ó lè ṣe é jù.

Ohun tó wà nínú ife zobo

Nínú àwọn ohun tí wọ́n ń tà fún ìfúnpá ní àríwá, zobo wà lára àwọn tí ẹ̀rí wọn fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù. Ìṣápá pupa ni. Ìṣápá funfun ni ìyá mi fi ń se ẹ̀gúsí nílé. Ní Àbújá, àpò ìṣápá pupa gbígbẹ ni wọ́n ń tò kalẹ̀ lọ́jà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ata ilẹ̀ gúúsù Kaduna àti kànáfùrù.

Ní 2010, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Tufts ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n kó àgbàlagbà 65 jọ, àwọn tí ìfúnpá wọn ti ń gòkè tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kò tíì le, tí wọn kò sì lo oògùn fún un. Apá kan ń mu tíì ìṣápá, ife mẹ́ta lóòjọ́, ife kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 240 mílílítà. Apá kejì ń mu omi tí wọ́n pa láró, tí wọ́n sì fún ní adùn kó lè jọ ọ́, láìsí ìṣápá nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nọ́ńbà òkè ìfúnpá àwọn tó mu ìṣápá ti fi 7.2 wálẹ̀, ti àwọn yòókù sì fi 1.3 wálẹ̀. Àwọn tí tiwọn ga jù níbẹ̀rẹ̀ ló jàǹfààní jù. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ kò fi ìyàtọ̀ tó dájú hàn.

Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ẹni tó wà ní 138, tó wá di 131 nítorí ohun mímu tí kò wọ́n, ó yẹ kó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Yorùbá ní bí a bá ń sọ̀rọ̀ orí ajá, ká sọ̀rọ̀ ìkòkò tí a fi sè é. Àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn kò wà lórí oògùn ìfúnpá. Ìwọ̀n ife wọn kò yí padà láti ọjọ́ dé ọjọ́. Wọn kò sì fi ìṣápá rọ́pò oògùn fún ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ti dé 180. Mo mọ àwọn tó wà ní 180, tí wọ́n ní àwọn ń "fi zobo bá a fà á." A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ẹni tó bá wà ní 180 kò ní àkókò tí yóò fi dúró de 7.2.

Ẹ wá wo ìkòkò tiwa. Obìnrin kan ń se zobo ní ẹnu ọ̀nà àdúgbò wa, àárọ̀ kùtùkùtù ló sì máa ń sè é, nítorí náà mo máa ń kọjá nígbà tó bá ń pò ó. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń ṣan ìṣápá kó tó kó o sómi, ó ń gún ata ilẹ̀ àti kànáfùrù, ó ń sè é mọ́ èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó títí àdúgbò yóò fi máa ta sánsán. Lẹ́yìn tó bá sẹ́ ẹ tán ló máa ń ṣí àpò ṣúgà, agolo mílíìkì ni ó sì fi ń bù ú, ó ń bù, ó ń tọ́ ọ wò, ó ń tún bù, títí kíkan rẹ̀ yóò fi kúrò lẹ́nu. Lọ́dún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí ṣúgà tí à ń bù sí oúnjẹ àti ohun mímu má kọjá ìdá mẹ́wàá agbára oúnjẹ òòjọ́ ẹni, èyí tó jẹ́ bí 50 gíráàmù fún àgbàlagbà. Ẹni tó bá ra ìgò méjì lọ́wọ́ obìnrin yìí nítorí ìfúnpá lè ti kọjá ààlà náà kó tó jẹun àárọ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ló ń fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, ẹ má dá a lẹ́bi. Ó sọ fún mi pé ní ọjọ́ tí òun dín ṣúgà kù, òun gbé ìdajì rẹ̀ padà sílé.

Láti inú ife bọ́ sínú kápúsù

Ohun tuntun tó dé báyìí ni pé àwọn olówó ìlú kò fẹ́ sè, wọn kò sì fẹ́ kíkan tàbí kíkorò. Kápúsù ni wọ́n ń fẹ́: oje ewé tí wọ́n ti fún, tí wọ́n ti gbẹ, tí wọ́n sì ti kì pọ̀ débi pé ẹyọ kan lè dúró fún ife púpọ̀. Ẹni tó bá ti mu omi ewúro rí mọ̀ pé ahọ́n ló ń sọ fún èèyàn pé ó tó. Kápúsù kò gba ọ̀dọ̀ ahọ́n kọjá.

Tíì aláwọ̀ ewé ló jẹ́ kí n lóye èyí dáadáa. Ní 2018, àjọ tó ń bójú tó ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù yẹ èròjà kan nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ EGCG wò, èyí tí àwọn oníṣòwò gbójú lé pé ó ń jó ọ̀rá. Wọ́n rí i pé bí èèyàn bá fi omi gbígbóná sí ewé náà, tó sì mu ún bí àwọn ènìyàn ti ń mu ún, kò léwu ní gbogbogbòò. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ kápúsù, tí EGCG inú rẹ̀ sì tó 800 mílígíráàmù lóòjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmì pé ẹ̀dọ̀ ń fara pa máa ń hàn nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan. Ewé kan náà ni. Ẹni tó sì ti sanra tí ọ̀rá ti bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń tà á fún jù.

Orógbó ní ìbátan kan ní Éṣíà, Garcinia cambogia, tí wọ́n ń tà káàkiri fún jíjó ọ̀rá. Ní 1998, àwọn onímọ̀ kan ní New York tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde: ènìyàn 135, ọ̀sẹ̀ 12, gbogbo wọn dín oúnjẹ kù, apá kan ń gbé Garcinia mì, apá kejì ń gbé kápúsù tí kò ní in nínú mì. Àwọn tó gbé Garcinia mì fi ìwọ̀n kílò 3.2 fò sílẹ̀. Àwọn tí kò gbé nǹkan gidi mì fi kílò 4.1 fò sílẹ̀. Oúnjẹ tí wọ́n dín kù ló ṣiṣẹ́, lápá méjèèjì. (Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí sọ orógbó rẹ̀ nù, a kò fi jó ọ̀rá rí.)

Berberine, èròjà kan tí wọ́n ń fà jáde lára àwọn ewéko kan, ni ti ìgbà yìí. Láti 2023 ni wọ́n ti ń pè é ní Ozempic àdáyébá lórí TikTok, nítorí pé Ozempic gidi, abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ tó ní oògùn semaglutide nínú tó sì ń mú kí èèyàn fọn, wọ́n ju apá ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ó ń mú ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, òótọ́ ni, àmọ́ ó tún ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ láti tú àwọn oògùn mìíràn ká, kò sì yẹ fún aláboyún. Wọ́n dán semaglutide wò lára ènìyàn 17,604 tí wọ́n sanra tí wọ́n sì ti ní àìsàn ọkàn tàbí ti iṣan ẹ̀jẹ̀, àbájáde tó jáde ní 2023 sì fi hàn pé ikú àìsàn ọkàn, ìkọlù ọkàn àti àrùn rọpárọsẹ̀ lápapọ̀ fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Kò sí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn berberine. Orúkọ nìkan ni wọ́n yá.

Ohun tí kò sí lára páálí

Títí dé ibí yìí, mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ohun tí wọ́n kọ sára páálí ló wà nínú rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní 2010, wọ́n kó oògùn ìfọnra kan tó ń jẹ́ sibutramine kúrò lọ́jà ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, nítorí pé ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lára nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ènìyàn tí ewu àìsàn ọkàn wà lára wọn fi hàn pé ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀ pọ̀ sí i láàárín àwọn tó lò ó. Láti ìgbà náà, léraléra ni àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà ń bá a nínú tíì àti kápúsù tí wọ́n kọ "ewé nìkan" sí lára. Ẹ jẹ́ ká ronú sí i: ẹni tó sá fún oògùn dókítà nítorí ọkàn rẹ̀ lè máa gbé èyí tí wọ́n kó dànù nítorí ọkàn mì, kó sì máa dúpẹ́ pé òun kò lo oògùn.

Nígbà mìíràn, kò sí ẹ̀tàn nínú rẹ̀, àṣìmú ewé lásán ni. Ní Brussels, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, kíndìnrín àwọn obìnrin tí wọ́n lọ fọnra níbì kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọṣẹ́. Nígbà tí àwọn dókítà tọpasẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì ròyìn rẹ̀ ní 1993, wọ́n rí i pé ewé ilẹ̀ Ṣáínà kan tó jẹ́ májèlé, Aristolochia, ló bọ́ sí ipò òmíràn nínú kápúsù wọn, torí pé orúkọ méjèèjì jọra lẹ́nu àwọn oníṣòwò. Àwọn tó fara gbá a tó bí ọgọ́rùn-ún, jẹjẹrẹ sì tún ṣe àwọn kan nínú wọn lẹ́yìn náà. Àwa tí ewé wa ń jẹ́ orúkọ kan ní Ìjẹ̀bú, tó ń jẹ́ òmíràn ní Èkìtì, tí a tún ń rà á lọ́wọ́ Hausa tó ní orúkọ tirẹ̀ fún un, ó yẹ kí ìtàn yẹn dún létí wa.

Nọ́ńbà NAFDAC kò yanjú gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ egbòogi tó gba ìforúkọsílẹ̀ ni wọ́n ń kọ gbólóhùn kan sí nísàlẹ̀, ní lẹ́tà tí kò tóbi, tó ń sọ pé àjọ náà kò tíì ṣe àyẹ̀wò ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe. Ìyẹn ni pé wọ́n gbà kí ó wà lọ́jà. Wọn kò sọ pé ó ń fa ikùn wọlé. Mo ti rí àwọn tó ń fi nọ́ńbà yẹn polówó nínú ọkọ̀, tí àtàǹpàkò wọn sì bo gbólóhùn ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ti dókítà, ti alágbo

Mi ò ní dá aláìsàn nìkan lẹ́bi. Ilé ìwòsàn wa kún, àwọn èèyàn ti ń tò láti ìdájí, bí aláìsàn bá sì dárúkọ àgbo, igbe ló máa ń gbà: "Ẹ máa mu ún lọ, kíndìnrín yín ló máa sọ fún yín!" Ẹni tí wọ́n bá kígbe mọ́ lẹ́ẹ̀kan, yóò ti mọ ohun tí yóò fi pamọ́ nígbà kejì. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ìlọrin yẹn rí ohun tí dókítà kò rí nítorí pé ó fi "ẹ jọ̀ọ́ mà" síwájú ìbéèrè rẹ̀, nígbà tó sì rí i, kò rẹ́rìn-ín. Bí káàdì aláìsàn ní àwọn ilé ìwòsàn wa bá lè ní àyè kan tí wọ́n á ti kọ ohun tí aláìsàn ń mu láàárọ̀, ohun tó ń mu lálẹ́, ohun tó ń pọ́n lá, àti ohun tí wọ́n fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ohun tí wọ́n máa gbọ́ yóò pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń gbọ́ lọ.

Kì í sì í ṣe ohun tí a kò tíì ṣe rí. Ní Idu, níhìn-ín ní Àbújá, ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí oògùn, NIPRD, wà. Oníṣègùn Yorùbá kan, Ẹni Ọ̀wọ̀ P. O. Ogunyale, gbé àgbo tí ìdílé rẹ̀ fi ń tọ́jú àrùn fòníkú-fọ̀ladìde fún wọn. Ìyèré wà nínú rẹ̀, osùn wà nínú rẹ̀, kànáfùrù àti ọkà bàbà náà. Àwọn onímọ̀ jókòó tì í, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n dán an wò lára àwọn aláìsàn tí wọ́n ń kọ àkọsílẹ̀ lé lórí, ó sì di Niprisan, tí NAFDAC fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2006. Iléeṣẹ́ tó gba àṣẹ láti máa ṣe é rì sínú gbèsè lẹ́yìn náà, ìbànújẹ́ gbáà ni, àmọ́ owó ló pa á, ewé kò kọ̀ láti dáhùn ìbéèrè. Ìṣápá, ewúro àti zogale (moringa) lè jókòó sórí irú àga yẹn fún ọ̀rá inú ikùn àti ìfúnpá, nílùú tí gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ ti wà nílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúró lọ́dọ̀ alágbo tó ń jókòó níkorítá wa, ìyá kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà. Mo kí wọn, mo ra ti inú rírun, mo sì bi wọ́n báwo ni wọ́n ṣe ń wọn ewé tí wọ́n ń se fún àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n ní ọwọ́ ni àwọn fi ń wọ̀n ọ́n, ọwọ́ àwọn sì mọ̀ ọ́n. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n máa ń bi oníbàárà ní oògùn tí dókítà fún un. Wọ́n wò mí lókè, wọ́n wò mí nílẹ̀, wọ́n ní àwọn ń bi í, ṣé ọmọdé ni àwọn ni. Oníbàárà ni kì í sọ, torí pé wọ́n máa ń rò pé àwọn yóò bínú pé wọ́n lọ bá òyìnbó. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé ó yẹ kí àwọn dókítà mọ ohun tó wà nínú ìkòkò yẹn, wọ́n dé ìdérí rẹ̀ pa, wọ́n ní, "Kí wọ́n wá bi mí nígbà náà. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ti máa ń wà níbí."